Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Ìdérí ní Bẹyẹrúnkà, àti Búrẹ́dì Tí A Fi Ṣínu

Agbo-Ilé Adéyẹ́misí,
Pópó Yemọja,
Ìbàdàn.

Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 1963.

Ọ̀gá Àgbà Tí Ń Bẹ Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Wò,
Ọ́fíìsì Ìjọba,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ Ẹ̀RỌ TÍ Ń PO FÚLÁWÀ DÚRÓ NÍ ILÉ-IṢẸ́ BÚRẸ́DÌ ÌTÙNÚ-ÌDÍLÉ, BẸYẸRÚNKÀ

1. Èmi ni Àkíbù Adéyẹ́misí, ọmọ Pópó Yemọja. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi ni Alábòójútó Ẹ̀rọ Ìgbàlódé ní ilé-iṣẹ́ tí mo dárúkọ sókè yìí. Ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí nítorí pé ẹ̀yin ni òfin fún ní àṣẹ láti wọ ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tó ń lo ẹ̀rọ, kí ẹ sì tì í pa bí ó bá léwu. Mo ti kọ ìwé yìí tẹ́lẹ̀, mo sì fà á ya, nítorí pé ìbínú inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Èyí tí ẹ ń kà yìí, mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Bí ẹ bá ṣì rí ibi tí ara mi kò ti balẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ kí inú rẹ̀ má rú.

2. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa ronú nípa irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, nítorí kò wọ́pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ àwa ọmọ ìbílẹ̀. Alhaji Gàfárù Èjìdé, tí í ṣe Ọ̀gá Àgbà wa, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ààrò alámọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ọwọ́ ni àwọn obìnrin fi ń po fúláwà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Nígbà tí a gba òmìnira, tí ẹ̀rọ oríṣiríṣi ń wọ̀lú, tí àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn sì ń rà wọ́n, Alhaji ránṣẹ́ pè mí níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ní òun fẹ́ ẹni tí yóò bá òun ronú nípa ohun tó ń bọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ẹ̀rọ tuntun tó ń jáde láyé, kí n yan èyí tí ó yẹ wá àti èyí tí kò yẹ wá, kí n sì sọ èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n rán mi lọ sí ìlú òyìnbó fún oṣù mélòó kan kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì lọ́hùn-ún. Alhaji ló sanwó ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí yín. Oore tó ṣe mí kò kéré, n kò sì ní sẹ́ ẹ.

3. Mo padà dé, mo sì gbé ètò mi síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, kí iná mànàmáná wa dúró déédéé. Lẹ́yìn náà ni ààrò tuntun, lẹ́yìn ààrò ni ẹ̀rọ tí ń po fúláwà. Ẹ̀rọ tí ń gé búrẹ́dì ni yóò kẹ́yìn. Mo sọ pé ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àwọn tí yóò lò ó tó kọ́ ọ mọ́, àti pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn obìnrin tí ń po fúláwà kò gbà mí gbọ́. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Mo pè wọ́n jọ sábẹ́ ilé páànù tó wà lẹ́yìn ààrò, mo sì sọ fún wọn pé agbára apá wọn ni ẹ̀rọ yóò rọ́pò, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ni Comfort.

4. Ọmọ Kúdẹtì ni Comfort Morádéyọ̀. Ìjọ Aládùúrà ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń lọ. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́langba ló ti ń po fúláwà lọ́dọ̀ wa, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dùn ún débi pé kò lè fi ọwọ́ náà di gèlè. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ẹ̀rọ náà mọ ọwọ́ ènìyàn yàtọ̀ sí fúláwà?" Mo ní kò mọ̀ ọ́n, pé ìdí nìyẹn tí a ó fi fi irin dé e lórí, tí kò sì ní lè yí bí ìdérí náà bá ṣí sílẹ̀. Ó rò ó wò, ó ní òun yóò kọ́ ọ. Nígbà tí ó gbà, àwọn yòókù náà gbà.

5. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, Alhaji lọ sí Èkó láìsọ fún mi. Ó ra ẹ̀rọ náà ní àlòkù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ padà sí ìlú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún, ó sì ń dán. Mo yí i po, mo yọjú sí abẹ́ rẹ̀, inú mi bàjẹ́. Ọpọ́n irin ńlá ni, apá irin méjì ń yí nínú rẹ̀, kò sì sí ohunkóhun tó dé e lórí. Ojú ibi tí ìdérí ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn, wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó ni. Ọ̀pá tí ènìyàn máa ń fà bí ó bá fẹ́ kí apá irin náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti ṣẹ́, wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ra. Mo fi gbogbo rẹ̀ han Alhaji. Ó ní oṣù Ààwẹ̀ ti dé, gbogbo ìlú ni yóò máa wá búrẹ́dì tí wọn yóò fi ṣínu, bí a kò bá sì lo àkókò náà, ẹlòmíràn yóò lò ó. Mo ní kí ó fún mi láyè kí n lọ wá ìdérí ní Èkó. Ó gbà. Àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní tan ẹ̀rọ náà kí n tó dé.

6. Mo rí ìdérí tó bá a mu ní Àpápá, mo sì bá alágbẹ̀dẹ kan ṣe ọ̀pá tuntun. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan láàárín oṣù Ààwẹ̀ ni mo padà dé, tèmi ti ẹrù lórí lọ́rì. Nígbà tí a sún mọ́ ilé-iṣẹ́, mo rí i pé wọ́n ti ta àtíbàbà síwájú rẹ̀, wọ́n to àga, àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú jókòó, àwọn ayàwòrán sì ń lọ sókè sódò. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

7. Mo gba àárín èrò kọjá wọ inú ilé-iṣẹ́. Comfort ló dúró nídìí rẹ̀. Ohun tí mo ti kọ́ wọn ni pé kí ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ kò kọjá ìgúnpá, tó sì fún mọ́ ara. Ẹ̀wù funfun ni wọ́n rán fún Comfort lọ́jọ́ náà, apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, ó sì gbòòrò bí ti akọrin. Alhaji ló ní kí wọ́n rán an bẹ́ẹ̀, kí ó lè dára nínú fọ́tò. Mo ké sí Ezekiel, oníṣẹ́ iná wa, pé kí ó pa ẹ̀rọ náà. Alhaji gbọ́ mi. Ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò bí ó ti ń bọ̀, ó sì sọ sí mi létí pé, "Àkíbù, má dójú tì mí lónìí. Jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò tán." Mo ń sọ fún un pé ìdérí ti wà lórí lọ́rì níta, pé kí ó fún mi ní àkókò díẹ̀ péré, nígbà tí ayàwòrán kan sọ fún Comfort pé kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n náà bí ẹni tó ń fọwọ́ wo fúláwà. Comfort wo ojú mi. Mo mi orí fún un pé rárá. Ó wo ojú Alhaji, Alhaji fọwọ́ sí i pé kí ó ṣe é.

8. Apá ẹ̀wù náà ló kọ́kọ́ wọlé. Ezekiel fa súìṣì wálẹ̀, ṣùgbọ́n apá irin náà kò dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ọ̀pá tí ìbá dá a dúró, wáyà lásán ló dì í mú. Èmi àti Ezekiel la fi ọwọ́ yí i sẹ́yìn kí a tó lè fa ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Àtàǹpàkò nìkan ni ẹ̀rọ náà kò fọwọ́ kàn. Comfort kò pariwo. Ó ń pe ìyá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé omi. Wọ́n sọ fún àwọn àlejò tó jókòó níta pé ooru ló mú kí ọmọbìnrin kan dákú.

9. Kí n tó gbé Comfort sínú ọkọ̀ tí ń gbé búrẹ́dì, mo ní kí Ezekiel yọ fíúùsì ẹ̀rọ náà kí ó sì fi í sápò, kí ẹnikẹ́ni má lè tàn án mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n gbẹ́ ihò, kí wọ́n da gbogbo fúláwà tó wà nínú ọpọ́n náà sínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè ketekete. Alhaji dúró níbẹ̀, ó gbọ́, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

10. Ilé ìwòsàn ni mo wà títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé tọ́jú mọ́. Dókítà jáde wá bá èmi àti ìyá Comfort, ó sì béèrè pé níbo ni ìka yòókù wà, pé ohun tí wọ́n gbé wá kò pé. Mo ní n ó wádìí rẹ̀.

11. Nígbà tí mo fi máa dé Pópó Yemọja, wọ́n ti pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ìyá mi, Àṣàkẹ́, ti fi omi àti dàbínù ṣínu. Tíì wà níwájú rẹ̀, ó sì ń jẹ búrẹ́dì. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní, "Àkíbù, Alhaji mà ṣe é fún mi o. Ó ní kí n jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi." Mo wo bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì náà. Tuntun ni, n kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé: Ẹ̀RỌ LÓ PÒ Ó, ỌWỌ́ KÒ KÀN ÁN.

12. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà po fúláwà lọ́jọ́ náà. Fíúùsì rẹ̀ wà nínú àpò Ezekiel. Bí búrẹ́dì kan bá wà ní ìlú Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí ẹ̀rọ ló pò ó, kò sí ibòmíràn tí ó ti lè wá. Mo gba èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ó béèrè ohun tó dé. Mo fẹ́ parọ́ fún un, ẹnu mi kò gbà á, mo sì sọ fún un. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń bì títí kò fi sí ohun tí yóò bì mọ́. Nígbà tí ó padà wọlé, ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fún mi fi ṣínu yìí, Àkíbù?" Mo pe àáfà wá lọ́jọ́ kejì. Àáfà fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tí kò mọ̀. Ìyá mi ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹnu òun ni òun kò mọ bí òun yóò ṣe fọ̀. Ó san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní kí ó san án.

13. Mo lọ bá Ezekiel nílé rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ó ti mọ ohun tí mo bá wá kí n tó jókòó. Ó ní bí ọkọ̀ wa ti lọ tán, Alhaji ní kí wọ́n gé ibi tó pupa kúrò nínú fúláwà náà, kí wọ́n da fúláwà mìíràn àti ṣúgà sí èyí tó kù títí yóò fi padà funfun. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn. Alhaji ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é lè máa lọ sílé, kí ó má sì padà wá. Wọ́n ṣe é. Wọ́n gbé e sínú ààrò. Àwọn àlejò gba tiwọn lọ sílé fún ìṣínu. Èyí tó kù, wọ́n kó o lọ sí Ọjà'ba, sí Bẹẹrẹ àti ẹsẹ̀ òkè Mápó, kò sì pẹ́ tó fi tán, nítorí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ tọ́ búrẹ́dì tí ẹ̀rọ pò. Mo bi Ezekiel nípa ohun tí dókítà béèrè. Ó ní àwọn rí díẹ̀, àwọn sì sin ín. N kò bi í pé mélòó. Òun náà kò sọ.

14. Mo gòkè lọ bá Alhaji ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sẹ́, ìyẹn gan-an ló kó mi nírìíra jù. Bí ó bá parọ́ fún mi, ǹ bá mọ̀ pé ojú ń tì í. Ó fi àga lọ̀ mí, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ààrò ni a gbé e sí, Àkíbù. Kí ni iná kì í pa?" Ó ní bí òun bá da fúláwà náà nù lójú àwọn àlejò, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìbá ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wa ìbá sì wà nílé lónìí láìríṣẹ́. Mo bi í léèrè bóyá òun náà jẹ nínú búrẹ́dì náà. Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ní òun kì í jẹ búrẹ́dì lóṣù Ààwẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná ni òun fi ń ṣínu.

15. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọkùnrin tí mo ti bá rìn, tí mo ti bá jẹun, tí ó dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo gbé ìyàwó. Bí ẹni tó ṣàdédé rí kòkòrò nínú oúnjẹ tó ti jẹ dé ìdajì ló ṣe rí lára mi. N kò bá a jà. Mo ní kí ó jẹ́ kí a lọ sọ fún ìgbìmọ̀ olùdarí. Ó ní kò burú.

16. Níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí n sọ pé ẹ̀rọ náà pé pérépéré nígbà tí mo fi lọ sí Èkó, àti pé àìfarabalẹ̀ Comfort ló fà á. Mo kọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí fún wọn, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, ẹnì kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi áńkáṣífù nu ẹnu, a jọ mọ ìdí rẹ̀, nítorí ó wà lára àwọn àlejò ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan kò lè dúró nítorí ọwọ́ ẹnì kan." Alhaji wá sọ fún wọn pé ṣebí èmi ni Alábòójútó Ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ bá léwu, ọwọ́ ta ló yẹ kí wọ́n ti béèrè? Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó fúláwà sí.

17. Yàrá náà ni mo ti rí ìdérí tí mo rà bọ̀ láti Èkó. Wọ́n gbé e ti ògiri, wọ́n sì to àpò fúláwà lé e lórí. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì dè é mọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní Alhaji ní yóò máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí ènìyàn ní láti dá ẹ̀rọ dúró kí ó tó lè ṣí i, kí ó tó da fúláwà kún un. Ohun tí a rà á fún gan-an nìyẹn. Mo kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì padà lọ.

18. Wọ́n ti ń sọ kiri ní Bẹyẹrúnkà pé Àkíbù kórìíra ọ̀làjú, pé ọ̀nà àwọn bàbá wa ni mo fẹ́ kí a máa tọ̀ títí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ. Mo ti rí i ní ìlú òyìnbó bí ọmọbìnrin kékeré kan ṣe ń fi ọwọ́ kan darí ẹ̀rọ tí ń po fúláwà tí yóò tó gbogbo àdúgbò, tí ó ń kọrin bí ó ti ń ṣe é, tí kò sì sí ibì kan tó ń dùn ún. Ohun tí mo fẹ́ fún Comfort nìyẹn, òun sì gbà mí gbọ́. Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ kí ìlú rí i pé àwọn ní ẹ̀rọ, wọn kò fẹ́ ìyọnu tó yẹ kí ó ṣáájú ẹ̀rọ. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ tó le, ṣùgbọ́n ohun ìríra ni ohun tí wọ́n ṣe.

19. Comfort ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Kúdẹtì. Ilé-iṣẹ́ ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní nítorí àìfarabalẹ̀. Wọ́n wá fi páálí búrẹ́dì kan ránṣẹ́ sí i láti bá a kẹ́dùn, bébà kan náà ni wọ́n fi wé e. Ìyá rẹ̀ ru páálí náà láti Kúdẹtì dé Bẹyẹrúnkà, ó dà á sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ó sì yíjú padà láìsọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo lọ kí Comfort, ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì di bọ́tìnì ẹ̀wù. Mo ní n ó kọ̀wé sí ìjọba. Ó ní kò sí ohun tí ìjọba lè dá padà fún òun. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni kí n bá òun sọ. "Ẹ bá mi sọ pé mo farabalẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé mo wo ojú yín kí n tó ṣe é." Mo ń bá a sọ ọ́ báyìí, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ó farabalẹ̀. Ó wo ojú mi, mo ní rárá, ọ̀gá tó ju èmi lọ ní kí ó ṣe é.

20. Mo ti rò ó bóyá kí n lọ dúró ní Ọjà'ba kí n sọ fún gbogbo ènìyàn ohun tí wọ́n fi ṣínu. Ìyá mi ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ìyá arúgbó tó kù ní ìlú yìí pọ̀, kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa rò pé búrẹ́dì ni àwọn jẹ. Ó sì tún ní bí ọ̀dọ́ ìlú bá gbọ́, wọn yóò dáná sun ilé-iṣẹ́ náà, àwọn obìnrin tí ń po fúláwà ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè sọ ọ́ fún.

21. Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ wá sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ẹ dá ẹ̀rọ náà dúró títí wọn yóò fi dé e lórí, tí ọ̀pá rẹ̀ yóò sì ṣiṣẹ́. Alhaji ti sọ pé òun fẹ́ ra irú rẹ̀ kejì lọ́wọ́ òyìnbó kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ Ìbàdàn láìjẹ́ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pe Ezekiel, yóò sọ ohun tó rí. Ó ti sọ fún mi pé òun kò ní sá, bí ó tilẹ̀ mọ ohun tí yóò ná òun. Ẹ pe èmi náà, n ó wá. Kí ẹ sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, pé Comfort Morádéyọ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá mi padà sí ipò mi. N kò lè jẹun lórí tábìlì náà mọ́.

22. Ó ku ohun kan tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé. Nígbà tí Comfort kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ilé wọn kò lè dúró láìsí ẹni tí yóò máa mú nǹkan wálé. Àbúrò rẹ̀, Olúwakẹ́mi, lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Alhaji fún un lọ́wọ́ kan, ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé oore ni òun ṣe fún ìdílé wọn. Mo gba iwájú ilé-iṣẹ́ náà kọjá láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ náà ń yí. Ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nítorí ooru, mo sì rí Olúwakẹ́mi láti ojú títì. Ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè dé èjìká, ó na ọwọ́ méjèèjì sínú ọpọ́n, ó ń da fúláwà sí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,

Àkíbù Adéyẹ́misí,
Alábòójútó Ẹ̀rọ Ìgbàlódé tẹ́lẹ̀,
Ilé-Iṣẹ́ Búrẹ́dì Ìtùnú-Ìdílé.